Ìbọn Lee-Enfield kan ní Houston: kátíríìjì ilé iṣẹ́ ni àbí àtúnkì?

Ìbọn ológun àtijọ́ kan ló bí ìbéèrè tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń gbé Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, rà á lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan tó fẹ́ dín ẹrù ilé rẹ̀ kù, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá kátíríìjì tí ilé iṣẹ́ ṣe ni kí wọ́n máa rà fún un, tàbí kí wọ́n kọ́ bí a ti ń tún èèpo àlòkù kì nínú ilé. Wọ́n pè mí sí ọ̀rọ̀ náà nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń yin irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ní pápá ìyìnbọn. Òfin Texas gba ará ìlú láyè láti ní in, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò sì ní kí ẹni tó ń tún kátíríìjì kì fún ìlò ara rẹ̀ gba ìwé àṣẹ; ẹni tó bá fẹ́ máa tà á nìkan ló gbọ́dọ̀ gbà á. Kí ẹni tó wà ní Nàìjíríà má ṣe rò pé bó ti rí níhìn-ín náà ló rí nílé, nítorí ìbọn ológun wà lára ohun tí òfin ibẹ̀ kà léèwọ̀ fún ará ìlú.

Lee-Enfield No. 4 Mk I* ni ìbọn náà. Ilé iṣẹ́ Savage ló ṣe é ní Chicopee Falls, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n tẹ "U.S. PROPERTY" sí irin ara rẹ̀, lẹ́tà C sì wà láàárín nọ́ńbà rẹ̀, èyí tó dúró fún Chicopee. Ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀ yóò rò pé ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló gbé e rí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Lend-Lease ti ọdún 1941 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ń ṣe irú ìbọn yìí fún Ìlú Ọba, iye tí Savage sì ṣe ju mílíọ̀nù kan lọ. Ohun tó mú kí Ẹ̀gbọ́n nífẹ̀ẹ́ sí i ni pé ẹ̀gbọ́n bàbá wọn wà lára àwọn tó lọ ogun Bọ́mà, pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ẹ̀ka 81 àti 82 tí wọ́n kojú àwọn ará Jàpáàn níbẹ̀. Kátíríìjì .303 yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Ìlú Ọba ń lò ní gbogbo ojú ogun náà.

Kí n tó lọ jìnnà: kátíríìjì ni mo ń pe odidi rẹ̀. Idẹ tó gba ẹ̀tù sínú ni èèpo, èyí tó ń fò jáde lọ sí ojú àmì ni ọta, práímà sì ni kóńkó kékeré tó wà ní ìdí èèpo tí abẹ́rẹ́ ìbọn máa ń gún kí iná tó ràn. Ètè ni etí tó yọ yí ìdí èèpo ká, ọrùn ni ibi tó di ọta mú, èjìká sì ni ibi tí ara èèpo ti ń tín-ín-rín lọ sí ọrùn. Bóòtù ni irin tí a ń fà sẹ́yìn láti ṣí ìbọn, tí a sì ń tì síwájú láti ti kátíríìjì mọ́ inú rẹ̀; orí rẹ̀ ni apá iwájú tó ń kan ìdí kátíríìjì.

Oríṣi kátíríìjì mẹ́ta ni arúgbó náà kó mọ́ ìbọn fún wọn. Èkíní jẹ́ ti ológun àtijọ́, tó ṣì wà nínú àmùrè aláṣọ tí àwọn ọmọ ogun máa ń gbé kọ́ èjìká, márùn-ún márùn-ún nínú irin ìkówọlé rẹ̀. Èkejì jẹ́ páálí méjì ti PPU, ìyẹn ilé iṣẹ́ Prvi Partizan tó wà ní Užice, ní orílẹ̀-èdè Sábíà. Ẹ̀kẹta jẹ́ àtúnkì tó kún inú àpótí ike kan, tí ẹnikẹ́ni kò kọ ohunkóhun sí lára: kò sí irú ẹ̀tù, kò sí ìwọ̀n, kò sí ọjọ́.

Ti ẹ̀kẹta kò gba àríyànjiyàn. Àtúnkì tí a kò mọ ẹni tó kì í, tí a kò sì mọ ohun tó fi kì í, a kì í yìn ín. A fi òòlù ìyọta tú díẹ̀ nínú wọn, a da ẹ̀tù inú wọn sórí òṣùwọ̀n, ìwọ̀n wọn kò sì bára mu, bẹ́ẹ̀ inú àpótí kan náà ni wọ́n ti wá. Ẹ̀gbọ́n ní kí a tọ́jú àwọn ọta wọn. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n èèpo wọn kò gbọdọ̀ padà sínú ìbọn, nítorí kò sẹ́ni tó mọ iye ìgbà tí wọ́n ti yìn wọ́n.

Ti ológun àtijọ́ ló dùn wọ́n láti jọ̀wọ́, nítorí wọ́n ti rí i pé irú rẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n bàbá wọn yóò ti gbé. A yin díẹ̀ ní pápá. Àwọn kan dún dáadáa. Àwọn mìíràn, nígbà tí a bá fà á, abẹ́rẹ́ yóò gún práímà, a ó gbọ́ kìtì irin lásán, lẹ́yìn náà ni ìbọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dún. Ó ń bani lẹ́rù, ó sì léwu, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé kátíríìjì náà ti kú, kí ó sì ṣí bóòtù nígbà tí iná ṣì ń jẹ lọ nínú rẹ̀. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé kí ẹnu ìbọn wà ní ìdojúkọ àmì, kí a má sì fọwọ́ kan bóòtù fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá. Yàtọ̀ sí èyí, práímà àwọn kátíríìjì ológun ìgbà náà ní kẹ́míkà kan nínú tó ń di iyọ̀ nínú ọ̀pá ìbọn lẹ́yìn tó bá jó tán. Iyọ̀ náà máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin Houston kò sì ṣeé fi wé ti aṣálẹ̀. Bí ó bá sùn mọ́jú láìfọ̀, inú ọ̀pá lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Epo kò lè yọ iyọ̀ yìí, omi ló ń yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ ogun Ìlú Ọba fi máa ń da omi gbígbóná gba inú ọ̀pá ìbọn wọn kọjá kí wọ́n tó fi epo sí i. Práímà wọn tún jẹ́ irú Berdan, tí ihò iná rẹ̀ kò sí ní àárín gbùngbùn, èyí tó mú kí ó ṣòro láti yọ kí a tó lè tún èèpo náà kì. Ẹ̀gbọ́n dá àmùrè náà padà sínú àpótí fún ìrántí.

Ó wá ku kátíríìjì ilé iṣẹ́. Ti Sábíà náà ní ọta 174 gírénì (ìwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn ọta àti ẹ̀tù), ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti kátíríìjì Mk VII tí àwọn ológun Ìlú Ọba ń lò láti 1910, tí ó máa ń jáde ní nǹkan bí 2,440 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Orí ìyẹn ni wọ́n ṣírò irin ìfojúsùn ìbọn yìí lé, nítorí náà ọta tí ìwọ̀n rẹ̀ súnmọ́ ọn máa ń bọ́ sí ibi tí nọ́ńbà irin ìfojúsùn náà bá sọ, tàbí súnmọ́ ibẹ̀. Ìbọn náà yìn wọ́n láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n ọkàn Ẹ̀gbọ́n kò balẹ̀ nítorí ohun kan tí wọ́n kà lára ọ̀pá ìbọn. Lẹ́yìn ogun, kí wọ́n tó ta irú àwọn ìbọn wọ̀nyí fún ará ìlú, ilé ìdánwò ìbọn ní Ìlú Ọba máa ń tẹ àmì sí wọn. Ti èyí kà báyìí: .303, lẹ́yìn náà 2.222", lẹ́yìn náà 18.5 TONS. Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n ihò ọ̀pá, èkejì ni gígùn èèpo ní íǹṣì, ẹ̀kẹta ni ipá tí wọ́n gbà pé ó tọ́ fún un lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan. Ẹ̀gbọ́n fi 2,240 pọ́ùn tó wà nínú tọ́ọ̀nù kan ti Ìlú Ọba sọ 18.5 di púpọ̀, wọ́n rí 41,440. Wọ́n wá ṣí ìwé àtúnkì Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé òṣùwọ̀n ilé iṣẹ́ níhìn-ín fi 49,000 ṣe òpin fún kátíríìjì kan náà. "Àbúrò," ni wọ́n wí, "ṣé ẹ kò ní jẹ́ kí nǹkan yìí fọ́ mọ́ mi lójú?" Wọ́n ṣírò dáadáa, àmọ́ nọ́ńbà méjèèjì kì í ṣe ẹbí kan náà. Ti ayé àtijọ́ wá láti ara irin kékeré rírọ̀ kan tí ìbúgbàù máa ń tẹ̀ pẹlẹbẹ ní ìdí kátíríìjì tí wọ́n fi epo pa. Ti òde òní wá láti ara ohun èlò oníná tó ń ka ipá náà bó ti ń gòkè. Kátíríìjì kan ṣoṣo lè fúnni ní nọ́ńbà méjì lọ́nà méjèèjì yìí. Kátíríìjì ilé iṣẹ́ tí a kọ .303 British sí lára kò ju agbára ìbọn náà lọ, bí ìbọn náà bá ṣì pé.

"Bí ìbọn náà bá ṣì pé" ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù dá lé. Nígbà tí a ń ṣa èèpo àwọn tí a yìn nílẹ̀, mo mú ọ̀kan sínú oòrùn. Òrùka kan tó ń dán yí i ká, kò tó ìdajì íǹṣì sókè ètè ìdí rẹ̀, idẹ ibẹ̀ sì funfun díẹ̀ ju ti ìyókù lọ. Mo gbé e lé ẹ̀gbẹ́ èyí tí a kò tíì yìn: èjìká rẹ̀ ti sún síwájú lọ́nà tí ojú lásán rí láìlo kálípà. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtẹ̀ odidi tẹ àwọn èèpo wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ náà kò tètè dé etí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ ọ̀rẹ́ wọn, tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀ nílé rẹ̀, tó sì ti bá wọn tẹ apá kan nínú wọn bí ó ti máa ń tẹ ti ìbọn ọdẹ tirẹ̀: láti ìdí dé ọrùn, títí tí èèpo fi padà sí ìwọ̀n tó fi kúrò ní ilé iṣẹ́.

Àtúnkì àkọ́kọ́ lọ láìsí wàhálà. Nígbà tí wọ́n kì wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀kan dún bí ẹni tó pariwo ju àwọn tó kù lọ, èéfín kékeré sì rú ní ẹ̀gbẹ́ bóòtù. Ẹ̀gbọ́n wọ awò ààbò, èéfín náà kò sì kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣí bóòtù, ìdí kátíríìjì nìkan ló jáde, bíi ìdérí ìgò. Ọ̀pá idẹ tó kù ti há sínú ìbọn, kátíríìjì mìíràn kò sì lè wọlé mọ́. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tí wọ́n ń ṣe fún èyí, tí a máa ń tì wọlé bí kátíríìjì, tí yóò sì gbá èèpo tó já mú láti inú. Òun ni a fi yọ ọ́. Ibi òrùka yẹn gan-an ló ti já, ní rìbìtì, bí ẹni fi ayùn gé e.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé ẹ̀tù ló pọ̀ jù bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. Àkọsílẹ̀ ọmọ náà wà níwájú wa, ẹ̀tù rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ gbèdéke ìwé. Ibi tí àlàyé wà ni bí kátíríìjì .303 ṣe ń jókòó. Ètè tó wà ní ìdí rẹ̀ ló ń dá a dúró kí ó má bàa wọlé jù. Òfin ológun Ìlú Ọba gbà kí àyè tó wà fún ètè náà, láti ojú orí bóòtù dé ibi tí ètè ń kọ́, wà láàárín 0.064 àti 0.074 íǹṣì, ètè kátíríìjì fúnra rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ nípọn ju 0.064 lọ, ọ̀pọ̀ ló tilẹ̀ tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, apá iwájú èèpo, tó fẹ́lẹ́, yóò wú, yóò sì lẹ̀ mọ́ ògiri ihò ìbọn. Ìdí rẹ̀, tó nípọn, kò lè wú, nítorí náà ńṣe ni ipá yóò máa tì í sẹ́yìn títí yóò fi kan orí bóòtù. Ibi tí fífẹ́lẹ́ àti nínípọn ti pàdé ni yóò nà. Bóòtù Lee-Enfield kì í há níwájú lẹ́bàá kátíríìjì bíi ti ìbọn Mauser, ẹ̀yìn ló ti ń há, nítorí náà òun náà máa ń fún díẹ̀ nígbà tí ipá bá dé, idẹ yóò sì tún nà sí i. Bí a bá wá fi ìtẹ̀ odidi dá èjìká rẹ̀ padà sẹ́yìn, a ti ṣètò fún un láti nà lẹ́ẹ̀kan sí i níbi kan náà, àfi bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ wáyà síwá sẹ́yìn títí tó fi kán.

A gbé ìbọn náà lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn. Ó fi géèjì 0.064, irin òṣùwọ̀n tí a ń fi sí ipò kátíríìjì, sí i, bóòtù pa dé; ó fi ti 0.074 sí i, bóòtù kọ̀. Ìbọn náà pé, lójú òṣùwọ̀n àwọn tó ṣe é. Orí bóòtù rẹ̀ ní nọ́ńbà 1. Wọ́n ṣe orí bóòtù No. 4 láti 0 dé 3, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi nǹkan bí 0.003 íǹṣì gùn ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, kí àwọn ológun lè máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ìbọn bá ti ń gbó. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí a fi nọ́ńbà 2 sí i lójú ẹsẹ̀, alágbẹ̀dẹ náà kò sì lòdì sí i, ṣùgbọ́n èmi rò pé owó lásán ni. Ètè nìkan ni orí bóòtù lè bá wí. Kò lè ṣe nǹkan kan sí èjìká, ibẹ̀ sì ni àyè ti pọ̀ jù lọ nínú ìbọn yìí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àyè yẹn sílẹ̀ ni. Àwọn tó ṣe é fẹ́ kí kátíríìjì tí ẹrẹ̀ ti bò wọlé láìlọ́ra nínú kòtò ogun, èèpo tó bá sì jáde, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí. Kò sí ẹni tó rò pé ẹnì kan yóò padà wá ṣà á ní Texas lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè Ẹ̀gbọ́n ti yí padà. Wọ́n ti rò pé ọ̀rọ̀ owó ni. Lóòótọ́, kátíríìjì .303 ti ilé iṣẹ́ sábà máa ń ju dọ́là kan lọ fún ẹyọ kan nísinsìnyí, bí a bá sì ka pé pọ́ùn ẹ̀tù kan jẹ́ 7,000 gírénì, tí kátíríìjì kan ń gba nǹkan bí 40, pọ́ùn kan yóò kì tó 175. Ẹni tó ti ní ẹ̀rọ yóò rí èrè níbẹ̀ bí èèpo rẹ̀ bá pẹ́. Èèpo tó já ní àtúnkì kejì kò mú èrè kankan wá, ó sì lè ba ọjọ́ ìyìnbọn jẹ́. Ohun tó kan ni bí èèpo yóò ṣe bá ihò ìbọn yìí gan-an mu.

Nítorí náà ohun tí a fẹnu kò sí ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ ra ti ilé iṣẹ́, tuntun, ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, tó ní práímà Boxer tí ihò iná rẹ̀ wà ní àárín, kí wọ́n sì yìn ín nínú ìbọn tiwọn nìkan. Àwọn kan máa ń fi òrùka rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí iwájú ètè nígbà ìyìn àkọ́kọ́ yìí, kí ìdí kátíríìjì lè wà mọ́ orí bóòtù, kí èjìká nìkan sì nà lọ síwájú. A dán an wò, òrùka tó ń dán náà kò sì hàn lára àwọn èèpo tó ti ibẹ̀ wá. Lẹ́yìn ìyẹn, ọrùn nìkan ni kí wọ́n máa tẹ̀, ìwọ̀nba tí yóò fi di ọta mú. Èjìká tó ti bá ihò ìbọn mu ni yóò máa dá kátíríìjì dúró láti ìgbà náà lọ, ètè kò sì ní iṣẹ́ púpọ̀ mọ́. Èèpo tí a ń lò báyìí, tí a kò sì kì í le, lè tó ìgbà mẹ́wàá kí ó tó gbó.

A kò lépa kí ọta sáré jù. Ẹ̀tù irú 4895, tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé àtúnkì fún .303, ni Ẹ̀gbọ́n ń lò, láti ìsàlẹ̀ ohun tí ìwé sọ lọ sí àárín, wọn kò sì dé òkè rẹ̀ rí. Ọta ló gba ìwádìí díẹ̀. Òjé rírọ̀ tí a tì gba inú ọ̀pá kọjá fi hàn pé kòtò inú rẹ̀, èyí tí wọ́n gbẹ́ kí ọta lè máa yí bó ti ń jáde, fẹ̀ ju 0.311 íǹṣì tí ọ̀pọ̀ ọta tuntun ní lọ, bí ó ti wọ́pọ̀ láàárín àwọn ìbọn ìgbà ogun, tí ilé iṣẹ́ tilẹ̀ dín kòtò ọ̀pá àwọn kan kù sí méjì kí iṣẹ́ lè yá. Ọta 0.312 tí ìdí rẹ̀ pẹlẹbẹ kó ara jọ lójú àmì ju èyí tí ìdí rẹ̀ ń tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́yìn lọ, nítorí ìdí pẹlẹbẹ máa ń wú dí ihò tó ti jẹ.

Kí wọ́n tó kì èèpo kan, wọ́n máa ń fi wáyà tín-ín-rín tí wọ́n tẹ̀ ní orí, tí wọ́n sì fi ayùn pọ́n, ha inú rẹ̀ láti ìdí bọ̀ sókè. Bí ẹnu wáyà bá kọ́ sí kòtò kan, èèpo náà ti ń já láti inú bí òde rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì fi hàn. Wọ́n á fi ẹ̀mú tẹ ẹnu rẹ̀ pa kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣèèṣì lò ó, wọ́n á sì sọ ọ́ sínú garawa idẹ àlòkù. Àpótí kọ̀ọ̀kan ní ìwé lára: irú ẹ̀tù, ìwọ̀n rẹ̀, ọta, ọjọ́, àti iye ìgbà tí èèpo inú rẹ̀ ti lọ.

Láìpẹ́ yìí, mọ̀lẹ́bí wọn kan tó ń gbé Dallas ra No. 4 tirẹ̀, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní àpótí kan nínú àtúnkì wọn. Wọ́n kọ̀ fún un. Èèpo tí a tẹ ní ọrùn nìkan ti gba ìwọ̀n ìbọn Houston, ó sì ṣeé ṣe kí ó má wọ inú ìbọn Dallas rárá, tàbí kí ó wọlé kí ó sì há. Wọ́n ní kí ó lọ ra ti ilé iṣẹ́, kí ó gbé ìbọn rẹ̀ lọ fún géèjì, kí ó sì máa kó èèpo tirẹ̀ pamọ́.